Láti ẹ̀yìn màlúù olówó dé ilé aṣòfin àgbà: ìtàn John Kendrick ti Wyoming

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: “Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbí ní Ìsẹ́yìn, àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ màlúù kì í tán lórí rédíò. Ọ̀gbẹ́ni kan sọ pé ọmọ òrukàn kan wà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ tó ń da màlúù olówó, tó wá di ẹni tó ni ilẹ̀ ìjẹko tí ojú kò lè ká, tó di gómìnà, tó tún di sẹ́nétọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé owó màlúù ló fi ra ipò ni? Nígbà tó sì débẹ̀, kí ló ṣe fún àwọn tó ń sin ẹran bíi tirẹ̀?”

Òótọ́ ni. John Benjamin Kendrick lorúkọ ọkùnrin náà, ìpínlẹ̀ Wyoming ló sì ti ṣe òṣèlú. Àwọn olówó màlúù tó bọ́ sínú òṣèlú ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà pọ̀, mo sì ti ń fi ìtàn wọn kọ́ni tipẹ́, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ̀ jù. Kì í ṣe nítorí pé màlúù rẹ̀ pọ̀. Ìbéèrè kan ló bi ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1922, ìbéèrè tí àwọn alágbára kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi wọ́n. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀lé màlúù, torí ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án 1857 ni wọ́n bí i ní Cherokee County, ní ìlà-oòrùn Texas. Kò tíì gbọ́njú tán tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kú, ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ló dàgbà sí. Ìwé tó kà ní ilé-ẹ̀kọ́ kéré. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó mọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á lẹ́yìn iṣẹ́. Kò tíì pé ogún ọdún tó ti ń gba owó oṣù lórí ẹṣin, nídìí màlúù.

Lákòókò yẹn, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti parí ní 1865, Texas sì kún fún màlúù oníwo gígùn tí kò rí ẹni rà á. Àwọn ìlú ńlá ti ìhà àríwá ní owó, wọ́n sì ń wá ẹran. Màlúù tí ẹnì kan lè rà ní nǹkan bíi dọ́là 4 ní Texas lè tó nǹkan bíi dọ́là 40 bó bá dé ọjà àríwá. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kó o lọ síbi tí reluwé wà, tàbí síbi tí koríko tútù wà. Agbo kan lè tó ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tó ń dà á kì í sì í ju bíi méjìlá lọ, pẹ̀lú alásè kan àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tó gbé oúnjẹ. Máìlì mẹ́wàá sí méjìlá ni wọ́n ń rìn lóòjọ́. Wọn kì í dà á sáré, torí màlúù tó bá sáré ń rù, èyí tó bá sì rù, ẹ̀dínwó ni. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn pátápátá, tí eruku ẹgbẹẹgbẹ̀rún pátákò á máa bò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ní alẹ́, wọ́n ń pín ìṣọ́, wọ́n sì ń kọrin jẹ́jẹ́ yí agbo ká kí mànàmáná má bàa jẹ́ kó ya.

Ní 1879, nígbà tí Kendrick jẹ́ ọmọ ọdún 21, ó wà lára àwọn tó da agbo ọ̀gbẹ́ni Charles Wulfjen láti etí òkun Texas lọ sí Wyoming, ìrìn tó ju 1,000 máìlì lọ dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ló gba owó wọn tí wọ́n padà sílé. Òun kò padà. Ó rí koríko Wyoming, ó dúró tì í.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí bí ẹni ń da ẹran ẹlòmíràn ṣe di ẹlẹ́ran ni gbogbo ènìyàn máa ń fò. Owó oṣù tó ń gbà, ó ń fi ra màlúù tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rò pé kò sí ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Wyoming nígbà yẹn, ó le. Ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì màlúù ńlá ni kò gbà kí òṣìṣẹ́ wọn ní àmì tirẹ̀ tó ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sára ẹran, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé yóò máa tẹ̀ ẹ́ sára ọmọ màlúù ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ tó bá ní ẹran lè rí i pé kò sí ilé màlúù tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti ìpò alágbàṣe di olówó ní agbègbè yẹn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ní láti fọkàn tán an gan-an. Kendrick di olórí àwọn adamàlúù, ó di alábòójútó fún Converse Cattle Company, ó kó ẹran wọn lọ sí ìhà àríwá, sí ààlà Wyoming àti Montana, níbi tí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hanging Woman Creek ti ń ṣàn. OW ni àmì ara màlúù wọn. Nígbà tó yá, ó ra ìpín àwọn ọ̀gá rẹ̀, ọgbà náà di tirẹ̀.

Láàárín kan ni ọdún burúkú náà dé. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1886 gbẹ, koríko kò hù dáadáa, màlúù sì ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, torí àwọn olówó Scotland àti England ti da owó sínú òwò náà láìfojú kan ilẹ̀ rí. Yìnyín tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Ó yọ́ díẹ̀, ó tún dì, ilẹ̀ wá dà bí àwo tí wọ́n dé pa mọ́ koríko. Màlúù kò lè fi ẹnu họ ọ́ dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ yá ní 1887, òkú ẹran kún etí odò. Theodore Roosevelt, tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, ní ọgbà màlúù ní Dakota. Ó pàdánù ju ìlàjì ẹran rẹ̀ lọ. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá wó lulẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Àwọn tó kù yí ọwọ́ padà. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n kàn ń tú màlúù sí ilẹ̀ ìjọba ni, tí wọ́n á lọ kó o jọ ní ìgbà ìrúwé àti ní ìgbà ìwọ́wé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́n gé koríko, ó sá a, ó kó o pamọ́ de ìgbà òtútù. Ó dín agbo kù. Ó fa wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ilẹ̀ tó ra ká. Ó sì rí i dájú pé òun ni ó ni ibi tí omi wà, torí ẹni tó bá ni omi ní ilẹ̀ gbígbẹ yẹn ló ni gbogbo koríko tó yí i ká. Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ọgbà màlúù lórí rédíò yín máa sọ nìyí: ọgbà màlúù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń yìn, àjálù ló bí i. Kò sí ẹni tó jókòó tó fi ọgbọ́n wéwèé rẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò ní fò. Ilẹ̀ tí Kendrick dé yẹn kò ṣófo. Ilẹ̀ ọdẹ àwọn Lakota àti Cheyenne, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ni. Oṣù kẹfà 1876 ni wọ́n ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun ìjọba Amẹ́ríkà tí ọ̀gágun Custer ṣáájú ní Little Bighorn, kò jìnnà sí ibi tí OW wà. Láàárín ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ti rán ọmọ ogun tó pọ̀ sí wọn, wọ́n ti lé wọn sínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n há wọn mọ́. Ẹfọ̀n tí wọ́n ń jẹ, àwọn ọdẹ awọ pa á tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá kó tó di àárín ọdún 1880 sí 1889. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun náà ni Kendrick dé. Òun kọ́ ló lé wọn, ṣùgbọ́n koríko tó sọ ọ́ di olówó, lílé tí wọ́n lé àwọn onílẹ̀ ló fi ṣófo dè é. Ẹni tó bá ń fi Wyoming ṣe àpẹẹrẹ fún Òkè-Ògùn láì sọ èyí, kò tíì sọ ìtàn náà tán.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1891, ó fẹ́ Eula Wulfjen, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ó fi nǹkan bíi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dàgbà jù ú; ọmọ kékeré ni nígbà tí Kendrick kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ fún bàbá rẹ̀. Inú ọgbà OW, nínú ilé onígi, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì bí ọmọ méjì, Rosa-Maye àti Manville. Ọgbà kan di méjì, méjì di púpọ̀. Nígbà tí Kendrick Cattle Company gbilẹ̀ tán, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ju éékà 200,000 lọ. Kí ẹ lè fojú wo bó ṣe tó: ó ju ìdá márùn-ún gbogbo ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Ní ìlú Sheridan, láàárín 1908 sí 1913, ó kọ́ ilé ńlá kan tó pè ní Trail End, ìyẹn ibi tí ọ̀nà màlúù parí sí. Dọ́là 164,000 ló ná an pẹ̀lú ohun èlò inú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ó ní ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi páìpù rẹ̀ sínú ògiri. Ilé ìṣẹ̀m̀báyé ìpínlẹ̀ ni báyìí. Ó kọ́ ọ kó lè sinmi síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀, torí òṣèlú ti mú un.

Ẹ béèrè bóyá ó fi owó ra ipò. Ẹ jẹ́ ká wo àkọsílẹ̀. Ní Wyoming, ọlọ́màlúù tó di olóṣèlú kì í ṣe ohun tuntun rárá. Francis Warren, tó ní màlúù àti àgùntàn rẹpẹtẹ, ni gómìnà àkọ́kọ́ nígbà tí Wyoming di ìpínlẹ̀ ní 1890. Ó sì wá jókòó sí ilé aṣòfin àgbà títí ikú fi mú un ní 1929. Joseph Carey, tó ni ọgbà màlúù CY ní ẹ̀bá Casper, ti ṣe sẹ́nétọ̀, òun ló sì jẹ gómìnà ṣáájú Kendrick. Bó bá jẹ́ pé owó màlúù nìkan ló ń gbé ènìyàn dé ipò, àwọn ọlọ́rọ̀ pọ̀ tí wọn ì bá ti gbé e gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kendrick tún wá wà nínú ẹgbẹ́ Democrat, nígbà tí ẹgbẹ́ Republican ti Warren di ìpínlẹ̀ náà mú.

Ó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò 1910. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ gba ipò Warren ní Washington. Nígbà yẹn, àwọn ará ìlú kọ́ ló ń dìbò yan sẹ́nétọ̀; àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń jókòó yan ẹni tó wù wọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní 1913, wọ́n jókòó, Warren ni wọ́n mú. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, àtúnṣe kẹtàdínlógún sí òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fìdí múlẹ̀: ará ìlú ni yóò máa yan sẹ́nétọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Ní 1914, Kendrick wọlé gómìnà. Ní 1916, nígbà tó kojú Clarence Clark, tó ti wà ní ilé aṣòfin àgbà láti 1895, àwọn ará ìlú Wyoming yan Kendrick. Òun ni sẹ́nétọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dìbò yàn. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn obìnrin wà lára wọn, torí Wyoming ti fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ ìdìbò láti 1869.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Ọlọ́rọ̀ tó jẹ́ ní 1913 náà ló jẹ́ ní 1916. Ẹni tó ń dìbò ló yí padà. Mi ò sọ pé owó rẹ̀ kò wúlò. Ẹni tó lè kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó máa káàkiri ìpínlẹ̀, owó ló ń gbé e kiri. Ṣùgbọ́n owó náà kò yí ọkàn àwọn aṣòfin padà fún un nígbà tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú. Àwọn ènìyàn tó mọ̀ ọ́n lórí ẹṣin ló gbé e wọlé.

Ọdún méjì péré ló lò gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, mi ò sì ní pẹ́ níbẹ̀: lábẹ́ rẹ̀ ni Wyoming ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ yóò gba owó ìtọ́jú àti owó gbà-máà-bínú, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ àwọn kọ́ńpìnnì tó ń ta iná àti omi fún ará ìlú sílẹ̀. Ní oṣù kejì 1917 ó fi ipò gómìnà sílẹ̀, ó lọ sí Washington.

Wàyí o, kí ló ṣe fún àwọn ẹlẹ́ran? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ń dùn wọ́n. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tọ́ màlúù, yóò kó o sínú ọkọ̀ reluwé lọ sí Omaha tàbí Chicago. Ojú ọ̀nà ni ẹran ti ń rù. Bó bá débẹ̀, àgbàlá tí wọ́n ń já ẹran sí, owó ni. Koríko tí ẹran jẹ níbẹ̀, owó ni. Àwọn olùrà sì rèé, márùn-ún péré ni wọ́n: Armour, Swift, Morris, Wilson àti Cudahy. Bí iye tí ẹni àkọ́kọ́ bá pè kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹni kejì á pe iye kan náà. Kò sì lè kó ẹran padà sí Wyoming. Ẹni tó bá ti kó tòmátì láti Kano dé Mile 12 rí, tí oòrùn ti ń mú, tí alágbàtà wá dájọ́ iye tó fẹ́ fún un, mọ bó ṣe rí lára wọn.

Ààrẹ Woodrow Wilson ní kí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń bójú tó òwò ṣe ìwádìí. Ìròyìn wọn jáde láti 1918: àwọn márùn-ún wọ̀nyí kò kàn ń pa ẹran, wọ́n tún ní ọwọ́ nínú àgbàlá tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n ní ọkọ̀ reluwé onítútù tó ń gbé ẹran pípa, wọ́n ní ilé ìkẹ́ran, wọ́n sì ń pín ẹran tó ń wọlé láàárín ara wọn. Kendrick àti Sẹ́nétọ̀ William Kenyon ti Iowa gbé àbá òfin kan kalẹ̀ láti fi okùn sọ́rùn wọn. Ọ̀tọ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú Kenyon, Republican ni; ọ̀rọ̀ ẹran ló pa wọ́n pọ̀. Àwọn apẹran náà bá a jà pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, àbá náà kò sì di òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ mú àwọn márààrún gbà níwájú ilé ẹjọ́ ní 1920 láti jọ̀wọ́ àwọn àgbàlá ìtajà lọ́wọ́. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 1921, Ààrẹ Harding fọwọ́ sí òfin àwọn apẹran àti àgbàlá ìtajà ẹran. Ó fòfin de ìpàdépọ̀ láti dájọ́ iye, ó ní kí òṣùwọ̀n pé, ó ní kí owó àgbàlá má kọjá ohun tó tọ́. Òfin náà ṣì wà títí di òní.

Mo gbà pé ẹni tí kò da màlúù rí kò lè ja ìjà yẹn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní ilé aṣòfin. Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ pọ̀ níbẹ̀. Ó ti dúró rí nínú àgbàlá Chicago pẹ̀lú ẹran tirẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ní màá dé ló kù. Ní Wyoming, ní àríwá ìlú Casper, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Teapot Dome. Epo rọ̀bì wà lábẹ́ rẹ̀. Ní 1915, ìjọba yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, kí ọkọ̀ ogun má bàa ṣàìní epo lọ́jọ́ ìjà. Nígbà tí Harding di ààrẹ ní 1921, wọ́n yọ àbójútó epo náà kúrò lọ́wọ́ àwọn ológun ojú omi, wọ́n gbé e fún mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Albert Fall. Ní oṣù kẹrin 1922, Fall gbé Teapot Dome fún olówó epo kan, Harry Sinclair, ní ìkọ̀kọ̀. Kò pe ẹlòmíràn wá fi owó du ú. Ó gbé ilẹ̀ epo mìíràn ní Elk Hills, California, fún olówó epo mìíràn, Edward Doheny.

Àwọn ará Wyoming tó ń wa epo rí ọkọ̀ àti irin iṣẹ́ tó ń lọ sí Teapot, wọ́n kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ wọn: kí ló ń ṣẹlẹ̀? Kendrick béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mínísítà náà, kò rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, ó gbé àbá kan ka iwájú ilé aṣòfin àgbà, kúkúrú ni: kí mínísítà wá sọ fún ilé yìí bóyá ó ti fẹ́ gbé ilẹ̀ epo náà fún ẹnikẹ́ni, àti lórí àdéhùn wo. Kò fẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní kí wọ́n dá àwọn aráàlú lóhùn lórí ohun tó jẹ́ tiwọn.

Láti ibẹ̀ ni ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Sẹ́nétọ̀ Robert La Follette ti Wisconsin ní kí wọ́n ṣe ìwádìí ní kíkún. Thomas Walsh ti Montana, agbẹjọ́rò tó ní sùúrù bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò, ló tú ìwé palẹ̀ láti 1922 títí di ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹlẹ́rìí ní gbangba ní oṣù kẹwàá 1923. Iṣẹ́ Walsh ni iṣẹ́ ńlá náà, mi ò ní gbà á fún Kendrick. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Kendrick ló ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tó máa ń mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí: Albert Fall, tí wọ́n ń bi léèrè, ọlọ́màlúù ni òun náà. Òun náà dìde láti ìṣẹ́. Ó ní ọgbà màlúù ní Three Rivers, New Mexico, ó sì ti ṣe sẹ́nétọ̀ láti 1912 títí di 1921. Ọdún mẹ́rin ni òun àti Kendrick jọ jókòó sí ilé kan náà, àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ mọ òórùn ẹran, tí wọ́n jọ mọ ohun tí ọ̀dá ń ṣe. Àmọ́ ọgbà Fall ti jẹ gbèsè. Owó orí ilẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójijì, ó san gbogbo rẹ̀, ó ra ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, odi àti wáyà tuntun ń yọ. Àwọn ará àdúgbò rí i, akọ̀ròyìn kan níbẹ̀ rí i pẹ̀lú. Nígbà tí ìwádìí jinlẹ̀, ó hàn pé Doheny ti fi dọ́là 100,000 ránṣẹ́ sí i nínú àpò dúdú kan, ọmọ Doheny ló gbé e lọ. Sinclair náà fún un ní ìwé owó ìjọba tó ju dọ́là 200,000 lọ. Ó sì tún fi màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin ránṣẹ́ sí ọgbà rẹ̀.

Ìfẹ́ ọgbà màlúù ló sún un dé ibi tó dé. Mo mọ̀ pé òun kọ́ ni olóṣèlú àkọ́kọ́ tó gba rìbá, ṣùgbọ́n ohun tó fi rìbá ṣe ni kò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀: kò kó o lọ fi jayé ní ìlú ńlá, ilẹ̀ àti omi ló fi rà. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù fagi lé àdéhùn epo méjèèjì, ilẹ̀ náà padà sọ́wọ́ ìjọba. Ní 1929, wọ́n dá Fall lẹ́bi rìbá gbígbà; ó wẹ̀wọ̀n láti 1931 sí 1932. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti ṣe mínísítà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó wẹ̀wọ̀n nítorí ohun tó ṣe nípò. Lẹ́yìn náà, ọgbà tí ó torí rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́ńpìnnì Doheny, ẹni tó fún un lówó, ló gbà á.

Kendrick ní tirẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kọkànlá 1922, nígbà tí ìwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀. Ó tún wọlé ní 1928, lọ́dún tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ kan náà dìbò fún Herbert Hoover ti Republican sípò ààrẹ. Àwọn kan tó dìbò fún Hoover sípò ààrẹ dìbò fún Kendrick sípò sẹ́nétọ̀.

Iṣẹ́ tó gbé lé ọkàn ní àwọn ọdún tó kẹ́yìn ni omi. Ó fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ dí odò North Platte ní ẹ̀bá Casper, kí omi rẹ̀ máa bomi rin oko, kó sì máa fún wọn ní iná mànàmáná. Ọdún lórí ọdún ni wọ́n ń dá a padà, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Ìjọba Franklin Roosevelt ló fọwọ́ sí i níkẹyìn ní 1933. Lọ́jọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ rẹ̀, ó kú ní Sheridan, lẹ́ni ọdún 76, kò rí ìdídò náà. Wọ́n parí ìdídò Alcova ní 1938, ti Seminoe ní 1939. Gbogbo iṣẹ́ omi náà, tí wọ́n ń pè ní Casper-Alcova tẹ́lẹ̀, orúkọ Kendrick ni wọ́n yí i sí, orúkọ náà ló sì ń jẹ́ títí di ìsinsìnyí.